Odò Tí Ó La Òkè Já



Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ajah kì í rí òkè láti ojúde rẹ̀. Òkun wà ní gúúsù wa, ọ̀sà wà ní àríwá, iyanrìn ni ó sì wà láàrin méjèèjì. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ òkè ni mo mú wá lónìí, nítorí ohun tí ọkùnrin kan nínú ìjọ yìí sọ fún mi nínú ilé mi. (Kì í ṣe níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fún mi ní àyè láti sọ ọ́.) Fún ọdún 11 òun àti àbúrò rẹ̀ kò kí ara wọn nítorí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, òun náà kò sì gba Ara Olúwa mọ́. Mo ní kí ó lọ bá àbúrò rẹ̀. Ó ní, “Fáda, òkè ni ó wà láàrin wa. Ta ni yóò là á já?”

Mo ní odò a máa là á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì, ẹ ti rí àwọn òkè gíga tí ó wà ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Akọ òkúta ni wọ́n. Láàrin wọn ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. (Omi tí Ọlọ́run dá ni mo ń wí, n kò sọ ti òrìṣà.) Ó ṣàn lọ sí àríwá, ó gba àlàfo Ìta-Awure kọjá láàrin òkè, ó yà sí ìwọ̀-oòrùn lọ sí Òṣogbo àti Ẹdẹ, kí ó tó kọjú sí gúúsù wá bọ́ sínú ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Omi rẹ̀ wà nínú ọ̀sà tí ó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé yín lọ sí òkun.

Báwo ni omi ṣe ń gé òkúta? Ibi tí òkúta ti sán ni ó ń wá. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ń gbé lọ ni ó fi ń ha á, lójoojúmọ́, fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ìró rẹ̀ ní ọjọ́ tí òkè náà là. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, tí odò gbé wá láti òkè, tí ìgbì òkun sì tò jọ, ni a kọ́ ilé lé lórí níhìn-ín.

Ọkùnrin náà ní, “Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó yẹ kí ó wá bá mi.” Òótọ́ ni, àṣà wa wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa wa ní kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa rẹ́, kò béèrè ẹni tí a kọ́kọ́ bí.

Ó lọ ní ọjọ́ Sátidé. Àbúrò rẹ̀ kò jáde sí i. Ọmọ ilé kékeré kan ni ó ṣílẹ̀kùn, tí ó kúnlẹ̀ kí i, tí ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní òun yóò tún lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.