Ṣé Ìpilẹ̀ Tó Wọ́ Ṣeé Tún Ṣe?

Àwọn tó gbà pé àyànmọ́ kò gbóògùn a máa sọ pé ohun tó bá ti wọ́ láti ìpilẹ̀, kò sí àtúnṣe fún un àfi kí a wó gbogbo rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ni mo sì ti fẹ́ mú ẹ̀rí wá. Báìtì 512 ni sẹ́kítọ̀ kan lórí háàdì díìsìkì àtijọ́, orí sẹ́kítọ̀ 63 sì ni Windows XP, tó jáde ní 2001, ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpín àkọ́kọ́. Nọ́ńbà yìí nídìí: bí kọ̀ǹpútà ìgbà náà ṣe ń ka díìsìkì, sẹ́kítọ̀ 63 ló wà lórí ipa kan, ipa àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń yà sọ́tọ̀ fún ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni SSD, irú díìsìkì ìgbàlódé, dé, èyí tó ń kọ báìtì 4,096 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sọ 63 di ìlọ́po 512, ẹ ó rí 32,256. 4,096 kò sì lè pín in kó má ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá da ohun inú díìsìkì àtijọ́ kọ sórí SSD bó ṣe wà gan-an, ó ti gbé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dání. Ohun tó yẹ kó wọ àyè kan yóò gun àyè méjì, iṣẹ́ kan yóò sì di méjì.

Wọ́n lè bi mí pé, bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣáà ń ṣiṣẹ́, kí ló burú níbẹ̀? Ohun tó burú ni pé ẹni tó ni ín kò mọ gbèsè tó ń jẹ. Iye ìgbà tí SSD lè pa nǹkan rẹ́ kó sì tún un kọ lópin, gbogbo iṣẹ́ àṣetúnṣe yẹn ló sì ń dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Pé nǹkan kò tíì bàjẹ́ kò fi hàn pé ó tọ́.

Ìbéèrè bóyá ìpilẹ̀ ṣeé tún ṣe kan Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ, ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ní 1947 tí àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni tí à ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó, wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀, àpò kan náà sì ni owó ń wọ̀. Ní 1968, wọ́n yọ̀ǹda kí oníkálukú máa ṣòwò tirẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí dída àwọn olùdásílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, nítorí àjọṣe yẹn ló gbé ìlú náà ga. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ló bí ètò owó náà, kì í ṣe ètò owó ló bí ìgbàgbọ́. Ètò 1947 kò wọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀, bí 63 náà kò ṣe wọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. A lè ṣí ibi tí ìpín ti bẹ̀rẹ̀ nípò láìpàdánù ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ṣíṣí i nípò léwu. GParted, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ìpín díìsìkì ṣe, lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ náà lọ sórí sẹ́kítọ̀ 2,048, níbi tí Windows ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Vista, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lágbede méjì, gbogbo fáìlì lè ṣòfò. Nítorí náà, ẹ̀yin ará etíkun tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ àti sólà lẹ gbára lé, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ náà ní báìtì. Bí 4,096 bá pín in dọ́gba, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí kò bá pín in, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín sórí díìsìkì mìíràn, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.