Ta Ni Ó Ni Ibojì?

Nígbà tí bàbá bá kú, a máa ń bèèrè ẹni tí yóò jogún ilé, oko àti aṣọ rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a bèèrè ẹni tí yóò jogún ibojì rẹ̀, títí òkú kejì yóò fi dé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, nítorí kò sí ilé tí kò ní kàn.

Láyé àtijọ́, inú ilé ni àwọn baba wa ń sin àgbà sí. Ìdílé ni ó ni ilé, ìdílé kan náà ni ó sì ni ibojì. Nígbà tí ìjọ dé, ó mú itẹ́ òkú wá, ìjọba náà sì ṣe tirẹ̀. Lónìí, ní Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti Èkó wá ra ilẹ̀, ẹnìkan a sin bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹlòmíràn a gbé òkú tirẹ̀ lọ sí itẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè wa ti di méjì: bí a bá ta ilé, ṣé a ta bàbá mọ́ ọn? Bí ẹni tí ó ra ààyè ibojì bá sì kú, ta ni ààyè tí ó ṣẹ́ kù di tirẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, òfin 1977 lórí itẹ́ òkú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ kedere. Kì í ṣe ilẹ̀ ni a ń tà fún olùrà. Ẹ̀tọ́ láti sìnkú síbẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ ju 100 ọdún lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí olùrà bá kú, ẹni tí ó ń tọ́jú ogún rẹ̀ sábà máa ń mú ìwé ìpíngún tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí wá, kí a tó kọ ẹ̀tọ́ náà sí orúkọ ẹlòmíràn.

Àṣà tiwa ń pín ogún ní ìdí igi. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, pé àṣà náà ṣì wà láàyè. A lè pín owó ilé sí ìdí igi mẹ́rin. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti pín ààyè òkú kan ṣoṣo?

Àwa jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ní ọ̀nà Ìbàfò. Opó náà ní ọkọ òun ti ṣèlérí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òun yóò sùn. Àkọ́bí, ọmọ ìyàwó kejì, ní owó òun ni a fi ra ààyè méjèèjì. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, nítorí náà ni ó ṣe le.

Kí ni a lè sọ? Ábúráhámù fi 400 ṣékélì fàdákà ra ihò Mákípẹ́là lọ́wọ́ Éfúrónì, kí ó lè sin Sárà. Ihò náà kò di ọjà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ísáákì àti Jákọ́bù náà sùn síbẹ̀. Nígbà tí Ábúráhámù sì kú, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ni wọ́n jọ sin ín. Íṣímáẹ́lì kò ní ààyè nínú ihò náà, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìsìnkú baba rẹ̀.

Ẹ tún wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó kú ní 31 December 1891, tí a sì sin sí itẹ́ Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba itẹ́ náà kọ́ ọ́fíìsì ní 1971, Bíṣọ́ọ̀bù Seth Kale kàn sí ìdílé rẹ̀ kí a tó ronú ibi tí a ó gbé e lọ. Ní 1976 ni a tún un sin ní Kàtídírà ti Marina. Ìjọba ni ó ni àṣẹ ilẹ̀, ìjọ ni ó ni ọlá òkú. Síbẹ̀ a ṣì ní láti bèèrè lọ́wọ́ ọmọ.

Lójú tiwa, ẹni tí ó jogún ibojì kò jogún dúkìá. Ó jogún iṣẹ́: láti jẹ́rìí fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àti láti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹnìkan lè wí pé ẹni tí ó sanwó ni ó yẹ kí ó pàṣẹ. Ṣùgbọ́n owó ọmọkùnrin yìí, ọpẹ́ sí baba rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fúnni ní ọpẹ́ kò tún gbà á padà. Ìlérí bàbá fún ìyàwó rẹ̀ ni ó yẹ kí ó borí.

Bẹ́ẹ̀ ni a sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn èyí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i. Opó náà ṣì wà láàyè. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni a ó mọ̀ bí ọwọ́ tí ó kọ̀wé yóò bá gbẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù sọ ọ̀ràn ibojì rẹ̀ nígbà tí ó ń bẹ láàyè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ń ta ilé tí òkú wà níbẹ̀ fi ibojì náà hàn nínú ìwé títà, kí ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó di pé lẹ́yìn tí a dère tán, a tún ń jà lórí ibùsùn rẹ̀.