Kí Ni Ká Sọ Fún Ọmọ?

Àwọn òyìnbó pín ọdún sí ọ̀nà mẹ́rin. Bí ewé bá ti ń pọ́n lórí igi wọn nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n mọ̀ pé òtútù ń bọ̀ nìyẹn. Àwa kò ní irú ìyẹn. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, ọyẹ́ sì wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Òjò tó sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ á padà dé, àgbẹ̀ á gbin àgbàdo àrọ̀kúrò, iṣu tuntun á ti kún ọjà, ilé-ìwé á sì wọlé. Owó súkúù, bàtà, ìwé, yunifọ́ọ̀mù tí kò gba ọmọ mọ́ nítorí pé ó ga nígbà ìsinmi, gbogbo rẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú.

Ní Ìlobùú àti Ifọ́n, oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 tún mú nǹkan mìíràn dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn á rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ìjà ilẹ̀ tó ti pẹ́ láàárín wọn tún ru sókè. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, wọ́n sì kó agbófinró dà síbẹ̀. N kò jókòó láti sọ ẹni tó jàre. Iṣẹ́ àwọn ọba, ìjọba àti ilé-ẹjọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi kéré sí i, àmọ́ ó lè jẹ́ pé òun ló le jù: kí ni kí bàbá àti ìyá sọ fún ọmọ tó ń padà sí kíláàsì lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé ìlú méjì tó jìnnà síra ni mò ń sọ. Rárá o. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo, tí ẹ dé Ìlobùú, kí ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó tì yín tó parí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ, ẹ ti wà ní Ifọ́n. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn (ẹ sáà wo orúkọ náà), Ifọ́n sì ni ti Orolu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ ibí ti ń gbé ìyàwó lọ́hùn-ún, tí ti ọ̀hún ń gbé ìyàwó níbí. Erinlẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ Ìlobùú, Òrìṣà Olúfọ́n ni a mọ̀ mọ́ Ifọ́n. Àwọn méjèèjì bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Ní Bràsílì, Oxalufã ni wọ́n ń pe Olúfọ́n. Ní Kúbà, Inle ni wọ́n ń pe Erinlẹ̀. Àwọn ọmọ ẹrú lọ́hùn-ún ń bọ wọ́n pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ibi tí ààlà oko wọn wà. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Tọkọtaya kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Ọmọ Ìlobùú ni ọkọ, ìbátan mi ni. Ìyá bàbá mi ló so wá pọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ifọ́n ni ìyàwó wa. Ọkọ ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Aránṣọ ni ìyàwó. Lóṣù kẹsàn-án, kì í rí oorun sùn, nítorí pé àwọn ìyá ọmọ kì í rántí yunifọ́ọ̀mù àfi tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-ìwé wọlé. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ ò ní rí àga jókòó sí, aṣọ ló wà lórí gbogbo wọn.

Ọkọ ní oko kékeré kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó bọ́ sí apá ibi tí wọ́n ń jà lé lórí. Ọdọọdún ló máa ń gbin àgbàdo àrọ̀kúrò síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún náà kò lọ. Ó ní òun kò ní kú nítorí àgbàdo. Ìyàwó kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n gàrí tí wọn kì í fi owó rà tẹ́lẹ̀, kóńgò kóńgò ni wọ́n ń rà á báyìí.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé, ó ti ilé-ìwé dé, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn ará ilé yín ló sun ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi?"

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Lọ jẹun jọ̀ọ́." Lálẹ́, òun àti ìyàwó fà á. Ó ní ọmọdé ni, yóò gbàgbé. Ìyàwó ní, "Dádì wọn, ta ló fẹ́ gbàgbé? Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti gbàgbé?" Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ rò ó. Èyí tí ẹ ń kà yìí ni mo rò.

Ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ ọkọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ agboolé ló wà kárí ilẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé baba ńlá wọn débẹ̀. Lónìí wọ́n ti di onílé, wọ́n ń joyè, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò dìde láwùjọ kó ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, níbo lẹ ti wá?" Mi ò lè pe irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ní irọ́. Aṣọ ni wọ́n fi bo ara wọn. Bí wọ́n bá ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fúnra wọn láyé Ìjàyè àti Kírìjì títí di àárọ̀ yìí, ta ni ìbá fẹ́ ọmọ ta?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ìdákẹ́ àwọn àgbà yẹn, gbogbo ìlú ló jọ dá a. Ẹni tó bá tú u, gbogbo ayé ni yóò bá a wí. Ìdákẹ́ ilé kan ṣoṣo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bàbá yìí bá dákẹ́, fóònù kò dákẹ́, ọmọ tó jókòó tì í ní kíláàsì kò dákẹ́, àwọn tó ń ta ayò lójúde kò dákẹ́. A jẹ́ pé ó kàn gbé ọ̀rọ̀ náà lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́. Ọmọ náà alára kò fọ́jú. Ó rí i pé Mọ́mì òun kì í lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ifọ́n lọ́jọ́ Àìkú mọ́ bó ṣe máa ń lọ. Ó rí i pé ojú Dádì ń yí padà bí wọ́n bá dárúkọ oko.

Ẹ rántí Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́. Ibi tí wọn yóò gbé olú ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí ló dá ìjà ọdún 1997 sílẹ̀, tó sì le títí di ọdún 2000, ṣùgbọ́n inú tí wọ́n fi jà á ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn lọ́dún 1997 kò sí láyé nígbà náà. Ẹnì kan ló sọ fún wọn. Mo máa ń rò ó pé báwo ni ẹni náà ṣe sọ ọ́, àti pé níbo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí ibi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjà ni ẹjọ́ wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èmi ò tíì rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣe ẹnì kejì. Faransé àti Jámánì ja ogun ńlá mẹ́ta láàárín 1870 sí 1945. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọ̀rẹ́ ní 1963, síbẹ̀ ó di 2006 kí wọ́n tó gbé ìwé ìtàn kan jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì wọn, tí ohun kan náà wà nínú rẹ̀ lédè méjèèjì. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́ nìyẹn o. Ilé tí mò ń sọ yìí kò ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn méjèèjì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ọkùnrin kan tí iná jó ilé rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí nǹkan yín kò jóná, ẹ máa wàásù." Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí pé ìjà ti tán, ó ti tán. Ilé jóná. Ẹnì kan ló mú iná lọ síbẹ̀. Ẹni náà ní orúkọ, ó ní ìyá tó bí i. Bí a bá ti ní "Ifọ́n ló ṣe é", tàbí "Ìlobùú ló ṣe é", ẹni náà gan-an ti ráyè sá pamọ́ sẹ́yìn ìlú, ọmọ ọdún méje tó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun ló wá kù tí yóò máa san gbèsè rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹlòmíràn lè ní ìlú ló rán wọn níṣẹ́. Ó dáa. Àwọn tó rán wọn náà ní orúkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ìyàwó ni mo wà: kí wọ́n sọ fún ọmọ náà, kí wọ́n jọ sọ ọ́, kí wọ́n má dárúkọ ìlú sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe.

Ó kàn jẹ́ pé ìyàwó wa kò dúró de ẹjọ́ tèmi. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo tún dé ibẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń tú etí ṣòkòtò ọmọ náà kó lè gùn sí i, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òótọ́ ni pé ilé bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jóná. Ó ní àwọn ènìyàn kan ló sun ún, òun kò mọ̀ wọ́n. Ó ní àwọn mìíràn sun ilé ní ìlú tòun náà, màmá òun sì sunkún fún ti ibí àti ti ọ̀hún. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì lọ.

Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti bá wọn kọ́ òmíràn?"

Bàbá rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní wọn kò tíì kọ́ ọ, Òṣogbo ni wọ́n ṣì wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn.