Adìẹ Bà Lókùn: Nígbà Tí Ìyàwó Ò Fẹ́ Adìẹ Lẹ́yìnkùlé

Ìjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òwe yìí júwe. Bí ìyakọ àti ìyàwó bá jọ ń gbélé tí wọn ò kí ara wọn, bí onílé àti ayálégbé bá ń di ara wọn sínú, ẹni tó ń wò wọ́n á ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó bá a mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a máa ń fi òwe náà pa ọ̀rọ̀ dé níbi tó yẹ ká ti fi í tú ọ̀rọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ju pé inú ẹni méjì ò dùn lọ. Ó ń tọ́ka sí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sún, ó sì ń jẹ́ ká mọ ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo adìẹ náà gan-an. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, adìẹ kì í fẹ́ sùn sílẹ̀. Ibi tó ga ló ń wá, kí ohun abúramú má bàa ká a mọ́lẹ̀. Bó bá rí igi tó dúró gbọn-in, á fò lé e, á lóṣòó, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì fa ọmọ ìka rẹ̀ mọ́ igi náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń sùn tí kì í já bọ́ nìyẹn. Okùn aṣọ ò rí bẹ́ẹ̀. Adìẹ bà lé e, okùn tẹ̀ sísàlẹ̀, ó fì síwájú, adìẹ na ìrù sókè kó má bàa ṣubú. Okùn tún fì sẹ́yìn, adìẹ na ìyẹ́ apá. Dídì tó di okùn mú náà ló ń mi okùn, mímì tí okùn ń mì ló sì ń jẹ́ kó túbọ̀ dì í mú. Ẹnikẹ́ni ò na adìẹ, ẹnikẹ́ni ò gé okùn, síbẹ̀ àwọn méjèèjì wà nínú ìnira.

Òwe yìí ò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìsinmi ni adìẹ ń wá, kì í ṣe ìjàngbọ̀n. Okùn náà ò ṣẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ta á fún. Ẹ fi wé òwe adìẹ mìíràn tí gbogbo wa mọ̀: adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Nínú ìyẹn, ẹnì kan ṣẹni, ẹnì kejì gbẹ̀san, gbèsè parí. Nínú ti okùn, kò sí ẹ̀san tó lè parí ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fẹ́ san. Bí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn inú ilé ṣe rí nìyẹn. Ohun tó dáa ni ọkọ ń fẹ́, ohun tó dáa ni ìyàwó ń ṣọ́, ọ̀rọ̀ ò sì yanjú.

Ká gbé e ka ilé kan ní Abẹ́òkúta. Baálé ilé ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, owó ìfẹ̀yìntì ò tó nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dilẹ̀ láàárọ̀. Ó fẹ́ sin adìẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé, kí ẹyin má wọ́n wọn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, ó ń kó o lọ tà n'Ítòkú. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀: ibẹ̀ ni ìkòkò aró wà, ibẹ̀ ló ń sá aṣọ sí, ibẹ̀ ni okùn ti gùn láti ara igi máńgòrò dé ara ògiri ilé ìdáná. Ó ní òun ò fẹ́ adìẹ.

Ọkọ ò bínú. Ó ní òun ò tíì rí ilé baba ẹnì kan tí adìẹ ò sí. Ó ní nígbà tí wọ́n ń dá ayé n'Ífẹ̀, ṣebí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi tan ilẹ̀ ká, ta ló wá lè kọ adìẹ?

Ìyàwó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹsẹ̀ tó tan ilẹ̀ ká yẹn gan-an ni mò ń sá fún. Ṣé ẹ ò rí aṣọ tí mo sá ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí ọkọ ṣe gbọ́ ọ lọ. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ náà, tí wọ́n fi ń fa ìlà tín-ín-rín sára aṣọ funfun. Wọ́n á sá a sóòrùn títí ẹ̀kọ á fi gbẹ mọ́ ọn lára, kí wọ́n tó rì í sínú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí àwọ̀ á fi jinlẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró ò ní mu. Ká wá ní adìẹ mẹ́fà bá aṣọ tí wọ́n fi láfún ya iṣẹ́ sí nínú oòrùn. Oúnjẹ ni wọ́n rí. Ibi tí wọ́n bá ti ṣá ẹ̀kọ jẹ ni aró máa wọ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì lọ mu omi aró tó ní sódà nínú, adìẹ pàápàá lè kú. Obìnrin tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ṣiṣẹ́ jẹun ò kórìíra adìẹ. Ibi tó ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Nínú òwe wa, ìnira kan náà ló bá adìẹ àti okùn, ṣùgbọ́n agbára wọn ò dọ́gba. Adìẹ lẹ́sẹ̀, ó níyẹ̀ẹ́, ó lè sọ̀ kalẹ̀ nígbàkígbà. Okùn ò lè sá lọ. Nítorí náà, ẹrù àtiwá àlàáfíà wà lọ́rùn ẹni tó lè sún, ìyẹn ẹni tó gbé ohun tuntun dé. Mi ò ní kó jáwọ́ nínú ohun tó ń fẹ́ o. Ohun tí mò ń wí ni pé kó sọ̀ kalẹ̀ ná, kó wá igi tó lè gbà á. Lójú tèmi, ohun tí à ń pè ní yíyí ìyàwó lọ́kàn padà ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ ọkọ kì í sọ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ará oko ló fún òun ní adìẹ méjì, òun máa pa wọ́n ní Sátidé. Sátidé á dé, adìẹ á ti yé, á ní kí wọ́n jẹ́ kó sàba ná. Ẹlòmíràn á gba ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó lọ, tàbí ọ̀dọ̀ pásítọ̀, tàbí kó kó àwọn ọmọ sẹ́yìn pé kí wọ́n bá òun bẹ màmá wọn. Àwọn kan ò tilẹ̀ ní dọ́gbọ́n kankan, wọ́n á ní, “Èmi ni mo kọ́lé.” Bíbà lé okùn ni gbogbo rẹ̀. Ó máa ń dùn mí jù bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn àgbà, nítorí ọmọlúàbí kì í já àgbà kulẹ̀; bí ìyá rẹ̀ bá ti dá sí i, ìyàwó á kúnlẹ̀, á ní, “Ó dáa, kí wọ́n ṣe bí wọ́n bá ṣe fẹ́.” Ìyẹn ò tíì jẹ́ gbígbà. Ọkọ máa mọ̀ bó bá rìnrìn àjò tó dé tó bá ìkòkò omi adìẹ ní gbígbẹ. Ó máa gbọ́ ọ nínú ìró ìgbálẹ̀ ní kùtùkùtù, nígbà tí ìyàwó bá ń gbá ìgbẹ́ adìẹ tí kò bá a fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ ohun tó fẹ́, síbẹ̀ kò ní jókòó gbádùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí òwe náà ò fi dúró síbi ara ò rọ okùn. Ẹni tó fi ipá gba ààyè ò tíì rí ààyè gbà.

Ẹ jẹ́ ká má sì gbàgbé pé ìdí tí èèyàn bá kọ́kọ́ sọ kì í sábà jẹ́ gbogbo ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìyàwó sọ̀rọ̀ aṣọ, ó lè jẹ́ ejò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2006, nígbà tí wọ́n rí bird flu ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i nílẹ̀ Áfíríkà, tí èèyàn ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan adìẹ. Tàbí kó jẹ́ ohun tí obìnrin ilé wa kì í sábà sọ jáde: ó mọ̀ pé ọkọ ló máa ra adìẹ, òun ló máa tọ́jú rẹ̀. Ọkọ tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè, á dákẹ́, á sì gbọ́ ìdáhùn tán láìjà án níyàn. Ìyàwó náà ní ojúṣe tirẹ̀ níbí o. Okùn ò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìyàwó lẹ́nu. Bó bá gbé ìdí rẹ̀ mì, kò sí bí ọkọ ṣe lè wá igi tó yẹ.

Bí ìdí bá ti hàn, ọwọ́ ni ọkọ máa fi dáhùn. Kó kan ilé adìẹ kó tó ra adìẹ, kó fi wáyà yí i ká, kó jìnnà sí okùn àti ìkòkò aró. Kó de igi pẹlẹbẹ tó nípọn tó ìka mẹ́ta mọ́ inú rẹ̀ fún wọn láti wọ̀ sí, kó sì gé ìyẹ́ apá kan lára wọn kí wọ́n má lè fò dé ibi aṣọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ilé ìlagi ni kó tẹ́ sílẹ̀ ibẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó bá wà ní gbígbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Omi tí wọ́n dà sí i ló ń mú òórùn tó ń ta nímú jáde, nítorí náà ibi tí omi mímu wọn wà ló yẹ kó máa ṣọ́. Ní ti ejò, oúnjẹ tó dà sílẹ̀ ló ń pe eku, eku ló ń pe ejò. Garawa onídèérí ló máa tán apá tó pọ̀ nínú ẹ̀rù yẹn, bó bá sì ń kó ẹyin lójoojúmọ́, èyí tó kù náà á dín kù. Ariwo ńkọ́? Kò nílò àkùkọ rárá. Abo adìẹ ń yé ẹyin láìsí akọ, àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹyin pa. Àjẹsára LaSota, èyí tí iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ọ̀sìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom ń ṣe, wà fún àrùn Newcastle tó máa ń gbá adìẹ àdúgbò lọ lásìkò ọyẹ́. Omi mímu ni wọ́n ń pò ó mọ́.

Kó ṣírò ìnáwó adìẹ náà fún ìyàwó láìfi nǹkan kan pamọ́. Adìẹ tó ń yé ń jẹ tó gíráàmù 120 lójúmọ́, nítorí náà àpò oúnjẹ oníkílò 25 á tó adìẹ mẹ́fà jẹ fún ohun tó lé díẹ̀ ní oṣù kan. Bí ara wọn bá le, ẹyin wọn lè tó kíréètì kan lọ́sẹ̀, ìyẹn ẹyin 30. Kò pọn dandan kó lọ jìnnà wá ìran adìẹ: FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, ló tọ́ ìran adìẹ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018 pé FUNAAB Alpha. Kí wọ́n jọ lọ wò ó. Ohun tí èèyàn bá bá ni yàn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n gbé wá bá a nílé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìlérí ọkọ pé òun á máa gbá ilé adìẹ ò níyì títí ìyàwó á fi rí i lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo gbà pé kó bẹ̀rẹ̀ kí adìẹ tó dé: kó máa gbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, kó máa bá a ká aṣọ bí òjò bá ṣú. Lẹ́yìn náà kó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ ká fi adìẹ mẹ́ta dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Bí o bá ní kí wọ́n lọ, wọ́n á lọ, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni sí i.” Kó sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún okùn ní ẹsẹ̀ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè fòpin sí nǹkan kì í bẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bíi tẹni tí wọ́n tì mọ́ ọn.

Bó bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ìyàwó ṣì ní rárá ńkọ́? Kó gbà, kó má dì í sínú. Bí ilẹ̀ ẹbí bá wà l'Ọ́dẹ̀dá, ó lè sin wọ́n síbẹ̀ kó máa lọ wò wọ́n láàárọ̀. Bí kò bá sí, ẹyin wà l'ọ́jà Kútọ̀. Bí ìyàwó bá sì gba ṣọ́ọ̀bù tó láyè sí Ìtòkú lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò sá aṣọ sílé mọ́, kí ọkọ tún béèrè.