Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Nọ́ọ̀sì Sinmi Bí?

Ní òwúrọ̀, bí àwa ará Alápẹ̀rẹ̀ ti ń múra iṣẹ́, ni àwọn nọ́ọ̀sì kan ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Òmíràn nínú wọn rò pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni bí òun bá jókòó nígbà tí aláìsàn ń kérora. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Olúwa wa tìkára Rẹ̀ pe àwọn Àpọ́sítélì lọ sí ibi ìdákẹ́ láti sinmi, nígbà tí èrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè jẹun (Máàkù 6:31).

Ní 1929, Edmund Jacobson, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà kan tí kò ná ni ní kọ́bọ̀: kí ènìyàn di ìkúùkù gírígírí, kí ó sì tú u, kí ó kíyè sí ìyàtọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èjìká, ojú àti ẹsẹ̀, títí gbogbo ara yóò fi dẹ̀. Orí àga lásán ni a ti lè ṣe é. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ kò bá lọ, kí ó tọ dókítà lọ.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn má ṣe fi èyí ṣe àwáwí. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin, ìsinmi orí àga kò lè sọ ọ́ di mẹ́rin. Àwa tí a wà nílé náà ńkọ́? Ìyàwó ti òru dé, a tún ní kí ó gún iyán kí ó tó fẹ̀yìn lélẹ̀!