Àwọn tí a dá padà
Ní ọdún 2010 ni Chidinma Ekile borí nínú ìdíje orin Project Fame lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ní 2021 ó kéde pé orin ìhìnrere ni òun yóò máa kọ. Ṣùgbọ́n ta ni ń ro ti àwọn tí a dá padà? Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ̀ ọ́, kò kọrin mọ́. Àwa sì fi í ṣe ẹlẹ́yà, èmi pàápàá. Àwọn ọmọ Jésè méje kọjá níwájú Sámúẹ́lì. Ẹni tí Olúwa yàn wà lẹ́yìn àgùntàn, baba rẹ̀ kò tilẹ̀ pè é. Ẹ jẹ́ kí a lọ bẹ ọmọ náà kí Ọjọ́ Ìsinmi tó dé.