Ta Ló Ni Òkú Aago?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kí aago ọwọ́ tó dé ilẹ̀ wa, a ti ní agogo. Irin ni, tí akéde ń lù káàkiri ìlú kí ará ilé àti ará oko lè gbọ́ ohun tí ọba wí. Nígbà tí òyìnbó gbé ẹ̀rọ tí ń ka wákàtí dé, a kò wo ojú rẹ̀ kí á tó sọ ọ́ lórúkọ. Ohùn rẹ̀ ni a gbọ́, a sì pè é ní agogo. Ẹnu ló gé e kúrú di aago. Nínú èdè tiwa, ohun tó bá ń jẹ́ aago gbọ́dọ̀ ké. Èyí tí kò bá wá ké mọ́ ńkọ́? À ń sọ pé ó kú. A kì í sọ pé àga kú, a kì í sì í sọ pé bàtà kú. Àga a máa kán, bàtà a máa já. Ṣùgbọ́n iná a máa kú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ a máa kú, aago náà a sì máa kú.

Òkú yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lóṣù yìí. Ta ló ni ín? Kí ló sì tọ́ kí á fi ṣe?

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a ra aago àtijọ́, irú èyí tí à ń fi ọwọ́ yí láràárọ̀, ní òkìtì òkìtì. Wọn a tú u palẹ̀. Wọn a fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣa àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, wọn a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ọ̀pá idẹ kékeré tó ní ihò láàárín. Lẹ́yìn náà ni wọn ó da ike olómi tó mọ́ gaara lé e lórí. Bí ike náà bá ti le tán, wọn a gbé e sórí ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ irin wa ń pè ní léètì, wọn a máa yí i, wọn a máa fá a, títí yóò fi rí roboto tí yóò sì máa dán. Ọ̀pá yíǹkì á wọ inú idẹ, ìdérí á bo orí rẹ̀, ó di bírò. Bí ẹ bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó máa rí inú aago láti ìta bí ẹni ń rí ẹja nínú omi odò tó tòrò.

Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò dáadáa. Kò sí kẹ̀kẹ́ kan níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ wọ inú eyín èkejì. Ibi tí ojú ẹni tó ń ṣe é bá ti fẹ́ ẹ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aago, tó bá rí i, ńṣe ni yóò dà bí ìgbà tí dókítà rí egungun orúnkún lórí èjìká ènìyàn. Bírò náà ń kọ̀wé, òótọ́ ni. Aago inú rẹ̀ ni kò ṣe nǹkan kan.

Irú bírò bẹ́ẹ̀ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé kan tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ìlú Ọgbọ́ni, lẹ́bàá Iléṣà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Òṣómàáló ni bàbá wọn nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà mọ iṣẹ́ náà: Ìjẹ̀ṣà a gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, a tà á ní àwìn, bí ọjọ́ bá pé, a lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé òun kò ní kúrò títí òun yóò fi gba owó òun. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kò lè ṣe aláìní aago, nítorí pé tí a bá wà lóṣòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gùn. Aago Roamer ni bàbá náà ń lò. Nígbà tó kú, wọ́n pín ilé, wọ́n pín oko kòkó, ó wá ku aago, tí òun náà ti kú ṣáájú olówó rẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. Ìyàwó àgbà bí méjì, ìyàwó kejì bí ọ̀kan, èyí tó wà ní Amẹ́ríkà. Òun ló mú bírò náà wálé láti fi han àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbé aago Bàbá lọ. Bírò mẹ́ta ni wọn ó fi ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa á máa mú Bàbá káàkiri nínú àpò."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ojú gígùn wò ó. "Ṣé Bàbá wá di ẹran iléyá nìyẹn, tí à ń pín lápá lẹ́sẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tajà ní Iléṣà, ní òun kò rí ohun tí wọ́n ń bínú sí. Aago tó kú nínú dúrọ́ọ̀, ta ló ń ṣe lóore?

Ẹ máà jẹ́ ká fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ogún kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ láàárín wa. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé láti Èkó, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nídìí rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó parí ní 1962. Ìdí-igi ni wọ́n fi lélẹ̀, pé kí á pín in ní iye ìyàwó, kì í ṣe orí-ò-jorí. Ilé tí à ń gba owó orí rẹ̀ ṣeé pín ní ìdí-igi, nítorí pé owó ni à ń pín. Bí a bá pín aago, kí la pín? Ìdajì aago kì í sọ ìdajì àsìkò.

Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà sì ní ìtàn kan tó bá èyí mu. Wọ́n ní nígbà tí Odùduwà fọ́jú, omi òkun ni wọ́n ní yóò là á lójú, Obòkun ló sì lọ bu ú wá. Kí ó tó dé, wọ́n ti pín ogún tán, adé ti tán nílẹ̀. Idà ni bàbá rí fún un. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó fi idà yẹn gé lára ìlẹ̀kẹ̀ tó ń fì níwájú adé bàbá rẹ̀. Bàbá dárí jì í, ṣùgbọ́n ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ dé adé tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bo ojú. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn náà kò pe Obòkun ní olè. Ó ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan bàbá rẹ̀, bóyá ju àwọn tó jókòó sílé lọ. Síbẹ̀, gígé yẹn ná an ní nǹkan.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹ̀tọ́ nìkan kò tó láti fi dáhùn. Àwọn ọmọ yìí ló ni aago náà. Kò sí ọlọ́pàá tó lè mú wọn tí wọ́n bá fi òkúta fọ́ ọ. Ohun tó kù ni bóyá ó dára.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ gbà wá, aago kò ní ẹ̀mí, kò lè sunkún." Mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ "17 Jewels" sí ojú aago náà, ìyẹn ni pé òkúta pupa wẹ́wẹ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n to sínú rẹ̀ kí irin má baà jẹ irin. Ọ̀pọ̀ aago ìgbà náà ń mì lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ 18,000 ní wákàtí, ó sì jẹ́ 432,000 láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹnì kan jókòó ní ilẹ̀ Switzerland, ó tẹ orí ba, ó to ohun tí yóò lè máa sá eré yìí fún ogún ọdún lápá Ìjẹ̀ṣà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú eruku. Ẹni náà ti kú, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé a jẹ ẹ́ ní nǹkan? Ní tèmi, a jẹ ẹ́ ní ìbéèrè kan péré kí á tó gbé ẹ̀mú: ṣé òótọ́ ni pé ó ti kú?

Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó béèrè. Gbogbo wọn ń jà lórí sàréè, wọn kò yẹ òkú wò. Ìyàwó tíṣà ló ní kí wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Alágogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹ mọ irú wọn: àpótí onígíláàsì kan, àga kan, awò tí wọ́n ń fi ihò ojú há. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti gba ìgboro, bátìrì àti ọ̀já ni wọ́n sáà ń pààrọ̀ jù. Bàbá náà ṣí ẹ̀yìn aago, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán." Ó ní ọ̀pá kan wà tí kẹ̀kẹ́ tó ń mì yẹn dúró lé, orí rẹ̀ tínrín bí irun; bí aago bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kán. Tí òun bá rí Roamer mìíràn tó ti bàjẹ́, irú tirẹ̀ gan-an, òun á yọ ti inú rẹ̀ sí i.

Ó wá fi agolo mílíìkì kan hàn wọ́n, tó kún fún inú aago. Òkú ni gbogbo wọn, ibẹ̀ ló ti ń yọ ẹ̀yà ara fún àwọn alààyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibí yìí dáadáa. Bàbá Alágogo náà ń tú aago! Bóyá ló fi dín ní èyí tí ẹni tó ń ṣe bírò ń tú. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú ẹ̀mú. Ó wà nínú pé ọ̀kan lè sọ fún ọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí tí aago yìí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́. Èkejì, tó ń ra òkìtì, kò lè sọ, kò sì bìkítà láti mọ̀.

Ta ló sì sọ fún ayé pé òkú ni òkìtì yẹn? Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, ilé iṣẹ́ Seiko ní Jàpáánù gbé aago oníbátìrì Astron jáde. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn òṣìṣẹ́ aago ní Switzerland, tí wọ́n tó nǹkan bí 90,000 ní 1970, kò tó 40,000 mọ́. Nígbà tí wúrà sì fò dé 850 dọ́là fún áńsì kan ní oṣù Kìn-ín-ní 1980, ọ̀pọ̀ aago wúrà ni wọ́n yọ́ nítorí ara rẹ̀, tí wọ́n sì ta inú rẹ̀ bí ẹni ta pàǹtí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń sọ àsìkò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìdí wọn. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹran ló máa ń tètè rí i pé màlúù kò gbádùn.

Kí á má ṣe rò pé mo kórìíra ọ̀ṣọ́. Asírù Ọlátúndé ará Òṣogbo, alágbẹ̀dẹ ni ní ilé alágbẹ̀dẹ; àìlera ló mú un fi òòlù ńlá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbà àti alumíníọ̀mù ní àwòrán ẹranko àti igi, ayé sì mọ̀ ọ́n kí ó tó kú ní 1993. Ta ni yóò sọ pé ọkọ́ ló yẹ kó máa rọ títí? Ẹ tún wo idẹ Bìní. Ní 2023 àwọn onímọ̀ fi hàn pé irin tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ti mánílà mu, ẹ̀gbà tí àwọn Potogí ń fi ra ọjà àti ènìyàn létí òkun, èyí tí wọ́n ti rọ ní ilẹ̀ Jámánì. Owó tí wọ́n fi ra ọmọ ènìyàn ni àwọn alágbẹ̀dẹ Bìní yọ́, tí wọ́n fi ṣe orí ọba. Ohun tó wà ní mánílà lọ́wọ́ kò dára tó ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà. Bí gbogbo títú bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá, èmi kò sì ní dá wọn lẹ́bi láéláé.

Ọ̀ṣọ́ pàápàá ní ohun tó ń béèrè. Àwọn aago àtijọ́ kan ń tàn lókùnkùn. Rédíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kun ọwọ́ àti nọ́ńbà wọn. Ní ìlú Orange, ní New Jersey, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin ló ń kùn ún. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ètè ṣe ẹnu bọ́rọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó. Egungun àgbọ̀n wọn jẹrà. Márùn-ún nínú wọn pẹjọ́, wọ́n sì fún wọn lówó ìtánràn ní 1928. Agbára rédíọ́ọ̀mù náà, 1,600 ọdún ni yóò fi dín sí ìdajì. Ẹni tó bá ń fá irú aago bẹ́ẹ̀ lónìí láti fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó, eruku àwọn ọmọbìnrin yẹn ló ń fà símú.

Kí ni àwọn ará ilé wa ṣe? Èyí tó wà ní Amẹ́ríkà padà síbẹ̀, ó lọ bá àwọn tó ń ta òkìtì fún àwọn tó ń ṣe bírò, ó ṣa Roamer kan nínú rẹ̀, irú ti bàbá rẹ̀, tí ara rẹ̀ ti dógùn-ún ṣùgbọ́n tí ọ̀pá rẹ̀ pé. Ó fi ránṣẹ́. Ó ti wà lórí tábìlì Bàbá Alágogo báyìí. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ní tí wọ́n bá ti yọ ọ̀pá kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n kó ìyókù fún òun, kí wọ́n fi ṣe bírò tòun. Tíṣà kò sọ̀rọ̀ sí i. Ohun tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ẹni tí yóò so aago náà mọ́ ọwọ́, bó bá ké.